Corolla tó ń fà sí òsì lẹ́yìn aláìnmẹ́ǹtì ẹ̀ẹ̀mejì

Toyota Corolla ọdún 2005 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì 1.8, gíá ọ́tò, táyà 195/65R15. Tíṣà kan ló ni ín. Ìbàdàn ló ń gbé, Ọ̀yọ́ ló ti ń kọ́ ọmọ, ojú ọ̀nà yẹn sì ni ọkọ̀ náà ń jẹ lójoojúmọ́. Kó tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù wa ní apá Mọníyà, ó ti ṣe aláìnmẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè kọjú síbi tó yẹ, lẹ́ẹ̀mejì níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún un sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà kan lórí ìwé náà tí kò sí nínú àwọ̀ ewé, àwọ̀ tó ń sọ pé ó dáa.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní ó ti dáa, síbẹ̀ ó ń fà sí òsì. Bí mo bá wá tẹ bíréèkì, ó tún ń burú sí i. Sítíárì ò dúró gbọọrọ. Ẹ sì wo táyà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà."

Táyà iwájú lápá òsì ló ń sọ. Bí èèyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, táyà tó ṣì lágbára ni yóò rí. Àfi ìgbà tí a yí sítíárì dé ìparí kí ẹ̀gbẹ́ inú lè hàn síta: etí inú ti pá pátápátá, wáyà sì ti ń yọ níbì kan.

Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ fà, aláìnmẹ́ǹtì ni. Sítíárì wọ́, aláìnmẹ́ǹtì ni. Táyà jẹ lápá kan, aláìnmẹ́ǹtì náà ni. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn tí tíṣà kó wá, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ti wá, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ni ẹ̀rọ aláìnmẹ́ǹtì sì lágbára lé lórí.

Kí n tó fọwọ́ kan jáákì, mo ní ká jọ gbé ọkọ̀ náà jáde. Ibi tó tẹ́jú, tó lọ tààrà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni mo wá lọ. Sítíárì tó wọ́ àti ọkọ̀ tó ń fà, àwọn èèyàn máa ń kà wọ́n sí ohun kan náà, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Sítíárì lè wọ́ sí ọ̀tún kí ọkọ̀ sì máa lọ gbọọrọ. Tí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀, ibi tó ń lọ náà ni yóò máa lọ. Èyí tó ń fà, tí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀. Ti tíṣà yìí ní méjèèjì lára: sítíárì wọ́ sí ọ̀tún, ọkọ̀ sì ń lọ sí òsì.

Òsì tó ń fà sí yẹn tún jẹ́ kí n fura. Ọ̀nà ọ̀dà kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n máa ń jẹ́ kó ga díẹ̀ láàárín, kó rẹlẹ̀ létí, kí omi òjò lè rí gọ́tà wọ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti yí kúrò lápá òsì, apá ọ̀tún la ń rìn, nítorí náà etí ọ̀tún ni ilẹ̀ ń dà wá sí. Ọkọ̀ tó bá rọra ń lọ sí ọ̀tún, ó lè má ní àrùn kankan, ọ̀nà ló ń gbé e lọ. Èyí tó bá ń gun òkè lọ sí àárín títì, ohun kan lára rẹ̀ ló ń tì í.

Mo sáré dé nǹkan bíi 60, mo tẹ bíréèkì. Imú ọkọ̀ já sí òsì. Bí mo ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó padà sí ipò rẹ̀, ohun kan sì dún "kọ́" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bíréèkì tó há lè fa irú èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró, tí mo sọ̀ kalẹ̀, tí mo na àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ríìmù iwájú méjèèjì láì kàn án. Ooru wọn dọ́gba. Caliper, ìyẹn irin tó ń fún bíréèkì mọ́ra, tó bá há, ríìmù tirẹ̀ á gbóná ju èkejì lọ. Mo yọ bíréèkì kúrò lọ́kàn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, afẹ́fẹ́ táyà la kọ́kọ́ wò. Ọ̀tún wà ní 38, òsì ní 30. Àwọn fọkanáísà wa fẹ́ràn kí táyà le koránkorán, pàápàá tí wọ́n bá gbọ́ pé ọkọ̀ fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn. Apá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá kéré ni ọkọ̀ máa ń fà sí, nítorí náà a sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di 32. Ó dín ẹjọ́ náà kù díẹ̀, kò parí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo fi àtẹ́lẹwọ́ ka ojú táyà. Iṣẹ́ yìí kò náni ní kọ́bọ̀, mẹkáníìkì tó ń ṣe é ò sì pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ ra ojú táyà láti etí ìta wá sí etí inú, kí ẹ tún rà á padà. Bó bá jọ̀lọ̀ ní lílọ tó sì ń ha ọwọ́ ní bíbọ̀, táyà yẹn kò kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ, ńṣe ni ọkọ̀ ń wọ́ ọ nílẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ nígbà tí ọwọ́ ń ti ìta bọ̀ wá sínú ló ń ha, iwájú táyà méjèèjì ń wo ìta, ohun tí wọ́n ń pè ní toe-out nìyẹn. Bó bá jẹ́ láti inú lọ síta ló ti ń ha, wọ́n kọjú síra wọn, toe-in. Bí etí kan bá jẹ tó sì jọ̀lọ̀ ní lílọ bíbọ̀, camber ni kí á kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta. Táyà òsì yìí, láti ìta wá sínú, eyín rẹ̀ ń kọ́ mi níka. Tọ̀tún náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí kò yani lẹ́nu: bí toe kò bá dáa, táyà iwájú méjèèjì ló máa ń pín in jẹ bí ọkọ̀ bá ti ń rìn.

Ìwé kọ̀ǹpútà ní toe ti dọ́gba. Táyà ní kò dọ́gba. Nínú ẹlẹ́rìí méjì yìí, táyà ló bá ọkọ̀ dé Ọ̀yọ́.

A gbé iwájú sókè. Mo di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, mo mì í: rack end àti tie rod end, àwọn irin tó so sítíárì mọ́ ẹsẹ̀, le, kò sí ìmìjẹ̀gẹ̀. Mo dì í mú lókè nísàlẹ̀, mo mì í: ball joint le, bíárìn le. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń sọ pé "iwájú ò ní ìṣòro" nìyí. Àmọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń rọ̀ lókè, kò sí ẹrù lórí búṣì lower arm, ìyẹn rọ́bà tó so apá irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ mú mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń tì í sẹ́yìn bí bíréèkì ṣe máa ń tì í.

Nítorí náà a sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi wọlé sí ìdí sítíárì, èmi lọ́ọ̀ṣọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà òsì, mo gbé ojú mi sí àlàfo tó wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà. Mo ní kó rọra wá síwájú, kó tẹ bíréèkì lójijì. Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n táyà ò dúró pẹ̀lú rẹ̀: ó fà sẹ́yìn nínú fẹ́ńdà, àlàfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dín kù lójú mi, etí iwájú táyà náà sì yà síta díẹ̀. Ó tú bíréèkì sílẹ̀, táyà padà síwájú, "kọ́" yẹn tún dún. A ṣe ti apá ọ̀tún bákan náà, kò mì.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, mo ki ọ̀pá irin bọ ẹ̀gbẹ́ búṣì ẹ̀yìn lower arm òsì. Rọ́bà náà ti ya yípo, irin àárín rẹ̀ ń rìn nínú ihò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòtò ló já a, ojú ọ̀nà tó ń rìn yẹn mọ iṣẹ́ náà ṣe dáadáa.

Ìdí tí ẹ̀rọ kò fi rí i nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ, ó dúró jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó tẹ bíréèkì, búṣì tó ya náà sì fẹ̀yìn tì síbi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ wọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n sì tún un ṣe sí. Ohun tó kọ sílẹ̀ kì í ṣe irọ́. Kìkì pé ọkọ̀ kì í rìn bó ṣe ń dúró ni. Àwọn tó ń ṣe aláìnmẹ́ǹtì ló yẹ kó yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, a sì rí àwọn tó ń dá oníbàárà padà pé kó lọ pààrọ̀ búṣì kó tó wá. Àwọn yẹn ló mọ iṣẹ́.

A lọ sí Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ n'Ìbàdàn, fún lower arm. Wọ́n kọ́kọ́ gbé tòkunbọ̀ fún wa, irin rẹ̀ le, lẹ́tà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà la wá rà, kì í ṣe irin, rọ́bà tòkunbọ̀ sì ti lo ìgbà tirẹ̀ lókè òkun. Tuntun la mú, òsì àti ọ̀tún.

Ti ọ̀tún ò fún wa ní wàhálà. Nínú Corolla ọ́tò yìí, ti òsì ni iṣẹ́ wà, torí gíá dí bọ́ọ̀tì iwájú rẹ̀ lọ́nà, bọ́ọ̀tì yóò tú, kò ní lè jáde. A ní láti gbé ẹ́ńjìnnì lé jáákì, ká tú bọ́ọ̀tì crossmember, irin ńlá tó dá abẹ́ ọkọ̀ kọjá, kó wálẹ̀ díẹ̀. Mo máa ń rò pé ìdí nìyí tí a fi máa ń rí Corolla tó ní lower arm tuntun lápá ọ̀tún, tí ti òsì sì jẹ́ èyí tó bá wá láti ilé iṣẹ́. Ká tó tú u, a fi ọ̀dà funfun fàlà yí ẹsẹ̀ crossmember ká, kó lè padà sójú kan náà gan-an, nítorí orí rẹ̀ ni sítíárì rack jókòó sí. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, aláìnmẹ́ǹtì ti yẹ̀ nìyẹn.

Bọ́ọ̀tì búṣì, a kì í fún un kú nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ lókè. A mú un le díẹ̀, a sọ ọkọ̀ kalẹ̀, a mì í lọ mì í bọ̀ kó jókòó, ìgbà náà la tó fún un pa. Ẹni tó bá fún un lókè, ó ti lọ́ rọ́bà náà kí ọkọ̀ tó rìn rárá, tuntun yẹn ò sì ní pẹ́ ya.

Ó wá kan aláìnmẹ́ǹtì gan-an. A kò ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù wa, okùn la fi ń ṣe é. Ilẹ̀ kọnkéré tó tẹ́jú la gbé ọkọ̀ sí. A kó àpò ìwé méjì tó wà nínú búùtù kúrò. A tẹ́ táìlì sábẹ́ táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, a gbé náílọ̀n méjì tí girísì wà láàárín wọn lé e, kí ẹsẹ̀ lè yí láì há mọ́lẹ̀. Sítíárì, a gbé e sí àárín gan-an, a fi igi tì í mọ́ ìjókòó kó má lè yí.

Páìpù irin méjì tó gùn bákan náà ni ọ̀kan wà níwájú ọkọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn, lórí ìdúró tó ga tó àárín táyà. Lára páìpù méjèèjì, a ti fi ayùn gé àmì sí ibi kan náà lọ́tùn-ún lósì. Okùn ìwọ̀ ẹja la fà láti àmì sí àmì, a sì nà án títí ó fi ń dún bí èèyàn bá ta á. Níwọ̀n ìgbà tí àmì páìpù dọ́gba, okùn méjèèjì á jìnnà síra bákan náà níwájú àti lẹ́yìn. Ohun tó kù ni ká máa sún páìpù títí okùn yóò fi jìnnà sí àárín ríìmù iwájú méjèèjì dọ́gba, àti sí ti ẹ̀yìn méjèèjì dọ́gba. Kò pọn dandan kí ti iwájú bá ti ẹ̀yìn mu, torí ẹsẹ̀ iwájú Corolla yìí fẹ̀ ju tẹ̀yìn lọ díẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí, tó lọ tẹ okùn mọ́ táyà ẹ̀yìn tó sì fà á wá síwájú, wíwọ̀n rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Táyà ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ wọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí kò ní ibi tí a ti ń yí i. Bí ẹ̀yìn bá wọ́, iwájú ò lè dúró gbọọrọ láé. Ẹ̀yìn dáa.

Ní iwájú, a fi rúlà wọn okùn sí etí iwájú ríìmù àti sí etí ẹ̀yìn rẹ̀. Òsì: etí iwájú sún mọ́ okùn ju ti ẹ̀yìn lọ ní mìlímítà 3, ó ń wo ìta. Ọ̀tún: etí iwájú jìnnà sí okùn ju ti ẹ̀yìn lọ ní mìlímítà 1, ó ń wo inú. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2 síta lórí ríìmù. Ríìmù yìí fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, táyà fẹ̀ tó 63, nítorí náà tí a bá gbé e dé ojú táyà, ó tó mìlímítà 3. Ẹ tún wo òsì àti ọ̀tún papọ̀: nígbà tí sítíárì wà láàárín, ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń wo òsì. Ìdí tí tíṣà fi ní láti máa di sítíárì wọ́ sí ọ̀tún kí ọkọ̀ tó lọ tààrà nìyẹn.

Abẹ́ ọkọ̀ ló ti ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀. Nọ́ọ̀tì rack end ọ̀tún ní ojú sípánà tó ń dán lára. Ti òsì, ìpẹtà bò ó, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Apá kan ṣoṣo tó rọrùn ni wọ́n yí títí àpapọ̀ fi wọ àwọ̀ ewé.

A da epo sí nọ́ọ̀tì òsì, a fi í sílẹ̀ díẹ̀ kó tó tú. A tú ìdè rọ́bà rack kó má baà lọ́ bí a bá ń yí irin inú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ yìí, rack wà lẹ́yìn ẹsẹ̀, nítorí náà bí a bá fa rack end gùn, iwájú táyà á wọlé. Bí a bá gé e kúrú, á jáde. Ọkọ̀ tí rack tirẹ̀ bá wà níwájú ẹsẹ̀, òdìkejì ni. Òsì gba ìdajì yípo àti díẹ̀ sí i, ọ̀tún kò gbà tó ìdá mẹ́rin yípo padà. A fún nọ́ọ̀tì, a tún wọ̀n, torí nọ́ọ̀tì tí a bá ń fún máa ń gbé tie rod end yí díẹ̀. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró sí òdo lápá méjèèjì.

Camber náà, mo so nọ́ọ̀tì táyà kan mọ́ okùn, mo gbé e rọ̀ níwájú ríìmù. Lórí ríìmù tó fẹ̀ tó 40, mìlímítà 7 ni dígírì kan. Òsì fì sínú lókè ní mìlímítà 4, ọ̀tún ní 3. Bí ìdajì dígírì ni, ìyàtọ̀ wọn ò sì tó ohun tí ọkọ̀ máa fi fà. Mo dúpẹ́, torí Corolla yìí kò ní ibi tí a ti ń yí camber àfi tí a bá ra bọ́ọ̀tì tó kéré sí i fún ìdí ṣọ́ọ̀kì. Àwọn kan máa ń fi fáìlì gbẹ́ ihò ṣọ́ọ̀kì kó lè fẹ̀. N kò ní ṣe é sí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ti ra táyà kan tó jọ àwọn tó kù rọ́pò èyí tó yọ wáyà. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó gbé ọkọ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i, níbòmíràn. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọn ò yí nǹkan kan. Sítíárì ti gbọọrọ, bíréèkì ń mú tààrà. Síbẹ̀, bí ó bá tú ọwọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń rọra rìn lọ sí òsì.

"Ẹ ò ní bínú, ọ̀gá, ó ṣì wà níbẹ̀ o."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ táyà iwájú síra wọn."

Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Mo kọ́kọ́ wo ara táyà pé kò ní ọfà tó ń sọ apá tí yóò máa yí sí, nítorí èyí tó bá ní i, a kì í gbé e kọjá sí apá kejì. Kò ní. A gbé òsì sí ọ̀tún, ọ̀tún sí òsì, a jáde. Ọkọ̀ ń fà sí ọ̀tún.

Bí fífà bá yí apá padà nígbà tí táyà yí apá, ọ̀rọ̀ kò sí nídìí ọkọ̀ mọ́, inú táyà ló wà. Nínú táyà rédíà, bẹ́líìtì wáyà kan wà lábẹ́ ojú rẹ̀. Bí wọn ò bá gbé bẹ́líìtì náà sí àárín gan-an nígbà tí wọ́n ń ṣe é, apá kan táyà á le ju èkejì lọ, á sì máa yí bí ife onímu tóóró tí wọ́n dà sílẹ̀ tí wọ́n tì: kì í lọ tààrà, yíyípo ló ń yípo. Ojú ò lè rí i, géèjì afẹ́fẹ́ ò lè rí i, ẹ̀rọ aláìnmẹ́ǹtì ò sì ní ohunkóhun tí yóò fi mọ̀, torí ríìmù ló ń wọ̀n.

Èwo nínú méjèèjì ni? Ẹni gbogbo ló máa nawọ́ sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Àmọ́ tíṣà ti ń rojọ́ fífà kó tó ra á. A gbé táyà ẹ̀yìn kan wá síwájú rọ́pò èyí tó ti wà lápá ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí kò jẹ létí, tí kò sẹ́ni tó fura sí. Fífà náà lọ. Láti apá ọ̀tún ló ti ń ti ọkọ̀ sí òsì ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ẹ̀yìn la fi táyà yẹn sí. Níbẹ̀, kò sí sítíárì tó lè yí, nítorí náà kò rí ibi tí yóò ti fa ọkọ̀. Mo ní kí tíṣà máa fi ọwọ́ ra ojú táyà iwájú nígbàkigbà tó bá ń ra afẹ́fẹ́, láti ìta wá sínú. Nígbà tó gbé e wá pààrọ̀ ọ́ìlì, èmi náà rà á: ó jọ̀lọ̀ ní lílọ bíbọ̀.